Òfin ariwo fún àdúgbò kékeré: kí la máa kọ, báwo la ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Akọ̀wé Ojúlé 46
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Àdúgbò wa kò ju ojúlé 46 lọ, lẹ́yìn Ìkòròdú, òpópónà mẹ́ta péré. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí kan, ilé ọtí kan, ẹ̀rọ ata méjì, àti jẹnẹrétọ̀ tí kò lóǹkà. Ìpàdé onílé ní kí n kọ òfin ariwo wá. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé: "Ariwo di èèwọ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó bá rú u, ₦20,000." Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Kí ló yẹ kó wà nínú òfin tó máa ṣeé mú lò, tí kò ní dá ìjà sílẹ̀?

Lọ́yà Ìtòsí
Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Akọ̀wé. "Ariwo di èèwọ̀" kì í ṣe òfin, ìbínú ni. Ẹkún ọmọ tuntun náà, ariwo ni. Òfin tó máa dúró gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́rin: ariwo kí ni, láti aago mélòó sí mélòó, ibo la ti wọ̀n ọ́n, ta ló wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sì jókòó ṣẹ̀dá òǹkà fúnra yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti ọdún 2009, àjọ NESREA, tó ń rí sí àyíká fún ìjọba àpapọ̀, ló ń mójú tó o. Ọ̀sán nínú òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́wàá alẹ́, èyí tó kù ni òru. Ibi tó jẹ́ ilé gbígbé nìkan, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (dB, òǹkà tí a fi ń wọn ariwo) 50 ni lọ́sàn-án, 35 lóru. Ibi tí ilé gbígbé àti òwò ti dà pọ̀, 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. LASEPA, àjọ àyíká ti ìjọba Èkó, náà ń lo 55 àti 45 fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé. 55 àti 45 ni kí ẹ mú. 35 lóru yẹn, ìrẹ̀ inú koríko nìkan lè ré e kọjá.

Ohun kejì: ẹgbẹ́ onílé kì í ṣe ìjọba. Ẹ kò lágbára láti wọ ọgbà ẹnikẹ́ni lọ gbé sípíkà tàbí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ já iná tàbí omi rẹ̀ torí ariwo. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nìkan ni owó ìtanràn yín lè mú. Nítorí náà, ìwé tí onílé àti ayálégbé máa fọwọ́ sí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìkéde tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ògiri.

Oníwọ̀n
Ẹ jẹ́ kí n kún ti Lọ́yà. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wọn àdúgbò náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́: aago méje àárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mọ́kànlá alẹ́. Ibi márùn-ún tó: iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ ilé ọtí, àárín òpópónà tí jẹnẹrétọ̀ pọ̀ sí jù, àti ibi tó dákẹ́ jù lọ. Ibi tó dákẹ́ yẹn ló máa sọ fún yín bóyá 45 ṣeé ṣe rárá. Bí títì ńlá bá wà nítòsí, ó lè má ṣeé ṣe. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin nígbà náà pé "45 tàbí 5 dB lórí ariwo ìpìlẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù." Ariwo ìpìlẹ̀ ni èyí tó wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dún.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ bí dB ṣe ń ṣe, àìmọ̀ ọ́n ló ń dá ìjà sílẹ̀. Kì í ròpọ̀ bí owó. 60 pẹ̀lú 60 kò di 120, 63 ni. Bí nǹkan bá fi 10 lọ sókè, etí á gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Ní gbangba, bí ẹ bá sọ ọ̀nà tó wà láàárín yín àti ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, 6 ló máa dín.

Ẹ wo ara jẹnẹrétọ̀, ẹ máa rí LwA tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nídìí rẹ̀. Ká ní 95 ni. Agbára ariwo tó ń jáde nínú ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí etí gbọ́ ní ọ̀ọ́kán. Ní mítà 7, ó máa tó 70. Ní mítà 14, 64. Ní mítà 28, 58. Nígbà tí ilé kò ju mítà mẹ́fà síra lọ, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ sí 45 lóru láé, àfi kí a pa á. Iyàn kò sí níbẹ̀, ìṣirò ni.

Akọ̀wé Ojúlé 46
Ọ̀gá Oníwọ̀n, ẹ ṣeun. Ṣé fóònù tó láti fi wọ̀n, àbí ká ra mítà tó ń wọn ariwo?

Oníwọ̀n
Fóònù tó fún ìmọ̀ràn, kò tó fún ẹ̀sùn. iPhone ní áàpù kan tí NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára. Fóònù Android yàtọ̀ síra wọn gan-an, méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọ̀kan sọ 58, kí èkejì sọ 66. Ẹ yan fóònù kan ṣoṣo fún àdúgbò, ẹ bọ́ kéèsì rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọwọ́ nu ihò máìkì rẹ̀ mọ́.

Ohun tó dára jù ni kí ẹgbẹ́ dá owó jọ ra mítà tí wọ́n kọ Class 2 (ìpele ìpéye rẹ̀) sí lára. Bí owó bá tó, ẹ ra ẹ̀rọ ìdánwò kékeré tó ń dún ní 94 dB pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n á ki máìkì mítà bọ ẹnu rẹ̀. Bí mítà kò bá sọ 94, ẹ yí i títí á fi sọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n: ẹ yí i sí "A" (kó máa gbọ́ bí etí èèyàn) àti "Slow" (kí nọ́ńbà rẹ̀ má máa fò). Ẹ gbé e sókè sí mítà 1.2 sí 1.5, kó jìnnà sí ògiri tó mítà 3.5. Bí kò bá sí àyè, ẹ dúró ní mítà kan síwájú fèrèsé ẹni tó ń ráhùn, ẹ yọ 3 kúrò, nítorí ògiri ń dá ariwo padà sẹ́nu mítà. Ẹ má dì í mú mọ́ àyà, ara yín náà ń dá a padà. Ẹ fi kànìnkànìn onírun bò ó lórí. Kò sí wíwọ̀n lásìkò òjò tàbí atẹ́gùn. Ìṣẹ́jú 15, ẹ ka LAeq, èyí tó jẹ́ ìpíndọ́gba ariwo gbogbo àkókò náà. Ẹ má mú nọ́ńbà tó ga jù. Ọ̀kadà kan tó bá kọjá lè gbé e dé 80, kì í ṣe ẹ̀bi oníṣọ́ọ̀ṣì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ pẹ̀lú. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì bá tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má yọ nǹkan kan. Láti 6 sí 9, ẹ yọ 1. Bó bá jẹ́ 4 tàbí 5, ẹ yọ 2. Bó bá jẹ́ 3, ẹ yọ 3. Bí kò bá tó 3, ẹ̀rí yẹn kò dúró, ẹ padà wá lálẹ́ mìíràn.

Alámójútó Ẹ̀rọ Ohùn
Kí wọ́n fi mítà náà sí "C" pẹ̀lú o. "A" kì í gbọ́ báàsì dáadáa. Sípíkà ilé ọtí lè jẹ́ 52 lórí A, kó jẹ́ 72 lórí C, kí àwo máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé kejì. Bí C bá fi 15 tàbí 20 ju A lọ, báàsì ni ìṣòro yín, ògiri lásán kò sì ní dá a dúró. Ẹ lọ bá ẹni tó ń yí i.

Mẹkáníìkì Jẹnẹ
Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ ní tiwa. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ ni ó ń pariwo, wọ́n á lọ kọ́ ilé fún un kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Ariwo ń jáde ní ẹnu mẹ́ta: sàlẹ́ńsà, ara ẹ́ńjìnì, àti ilẹ̀ tó jókòó lé.

Sàlẹ́ńsà: ẹ wo ibi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá rí èéfín dúdú tó fa ìlà síta, gáskẹ́ẹ̀tì ti jó. Owó pọ́ọ́kú ni gáskẹ́ẹ̀tì, ìyàtọ̀ rẹ̀ ń hàn sétí. Ẹ wo nọ́ọ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú, gbígbọ̀n ló ń tú wọn. Àwọn kan ti lu inú sàlẹ́ńsà jáde "kó lè mí." Kò ní mí ju bó ṣe ń mí lọ, ariwo nìkan ló máa jèrè.

Eré ẹ́ńjìnì: ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ilé gbọ́dọ̀ sáré ní 3,000 yípo ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè fún wa ní 50 Hz (iye yípo iná ní sẹ́kọ́ńdì kan). Tí wọ́n bá ti yí gófánà, ohun tó ń darí eré ẹ́ńjìnì, sókè torí fíríìjì tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, á dé 54, 55. Ariwo á pọ̀, epo á pọ̀, bọ́ọ̀bù á máa jó. Ẹ fi mítà Hz yí i padà: 52 láìsí ẹrù lórí rẹ̀, kó jókòó sí 50 nígbà tí ẹrù bá gorí.

Ẹsẹ̀: rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti le bí òkúta lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gé táyà ọkọ̀ sí mẹ́rin, fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi sábẹ́. Ẹ má gbé e sórí páànù, ẹ má gbé e sórí sílábù tó so mọ́ yàrá ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ilé jẹnẹrétọ̀ kàn. Búlọ́ọ̀kù onínínṣì mẹ́sàn-án, ẹ da yanrìn kún inú ihò rẹ̀, ẹ rẹ́ ẹ tinú tòde. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ yí ẹ̀rọ ká. Atẹ́gùn tútù á wọlé nísàlẹ̀ lápá ibi tí iná ti ń jáde, gbígbóná á jáde lókè lápá sàlẹ́ńsà. Ihò méjèèjì kò gbọdọ̀ tọ́ gbọọrọ. Ẹ kọ́ ògiri kékeré síwájú wọn kí ọ̀nà náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn á lu ògiri, atẹ́gùn á yí kọjá. Rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe tí kì í gbaná, ni kí ẹ fi tẹ́ inú ọ̀nà náà, kí ẹ fi páànù onihò bò ó. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì? Epo bẹntiróòlù àti fóòmù nínú yàrá gbígbóná, ẹ ti mọ ìyókù.

Ẹni tó bá dí gbogbo ihò kí ariwo má bàa jáde ń pe wàhálà méjì. Ẹ̀rọ á gbóná títí á fi ku, èéfín rẹ̀ á sì wá ibi tó máa gbà. Gáàsì olóró inú èéfín yẹn (carbon monoxide) kò ní òórùn, òun ló ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Kí ẹnu sàlẹ́ńsà jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni tó mítà mẹ́fà, kó kọjú síbi tó ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá fa páìpù gùn, kó má kéré ju ẹnu tó ti jáde lọ. Páìpù tóóró ń fún ẹ́ńjìnì lọ́rùn.

Oníwọ̀n
Ó dáa gan-an, Mẹkáníìkì. Lórí fẹ́ǹsì: ògiri kò wúlò títí tó fi bo ẹ̀rọ mọ́ ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó, 5 dB ló máa gbà. Mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tún gbé lé e, nǹkan bí 1.5 sí i. Kó sún mọ́ ẹ̀rọ tàbí kó sún mọ́ olùgbọ́. Ògiri tó wà lágbede méjì ló ń ṣiṣẹ́ kéré jù. Alàfo tó wà lábẹ́ géètì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òdòdó àti igi tí àwọn onílé ń gbìn "fún ariwo", ẹ máa gbìn wọ́n fún ẹwà.

Ìyá Onílé
Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ooru ń kọ́? Bí ẹ bá ní ká pa jẹnẹrétọ̀ ní mẹ́wàá, àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ ń kọ́, àwọn tó ń ta ẹja dídì?

Oníná Òòrùn
Ẹ kú ọ̀rọ̀, Mà. Oúnjẹ dídì kì í bàjẹ́ lálẹ́ kan bí fírísà bá kún tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i. Ẹ jẹ́ kó dì gan-an kí mẹ́wàá tó lù, ẹ fi aṣọ nípọn bo ara rẹ̀, ẹ má bo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ń mí nígbà tí iná bá wà.

Fún ooru, ìṣirò rẹ̀ rèé. Fáànù méjì onílé, wọ́ọ̀tì 70 kọ̀ọ̀kan, 140. Gílóòbù LED mẹ́ta, 9 kọ̀ọ̀kan, 27. Ràútà, 10. Lápapọ̀, 177. Láti mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ wákàtí 8, ó di wọ́ọ̀tì-wákàtí 1,416. Ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ pín in sí 0.85, ó di nǹkan bí 1,670. Bátìrì onílẹ́ẹ̀dì (lead-acid) 12V 220Ah kan, ìdajì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa lò, ìyẹn 1,320. Kò tó. Ẹ so méjì pọ̀ sí 24V. Bátìrì lítíọ́mù 24V 100Ah kan máa gbé e dé òwúrọ̀, á ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ fáànù: fáànù DC ń jẹ 25 sí 35 péré, bátìrì kan á tó o.

Ìnfátà kì í pariwo bíi jẹnẹrétọ̀, àmọ́ fáànù inú rẹ̀ ń dún. Kó má wà nínú yàrá oorun.

Lọ́yà Ìtòsí
Ẹ jẹ́ kí òfin náà ní àyè fún aláìsàn. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ atẹ́gùn fún mímí, kí ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, kí wọ́n fún un ní ìyọ̀ǹda oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí aládùúgbò méjèèjì mọ̀. Kí ó jẹ́ ẹ̀rọ tó wà nínú ilé tí Mẹkáníìkì ṣàlàyé.

Alámójútó Ẹ̀rọ Ohùn
Ilé ìjọsìn wá kàn. Jẹ́jẹ́ ni kí ẹ gbà, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù. Ní 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa lórí ariwo, pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Kò sí ẹ̀sìn tí òfin yìí kò kàn.

Ìṣòro ṣọ́ọ̀ṣì kì í sábà jẹ́ orin. Bí wọ́n ṣe to sípíkà ni. Wọ́n á gbé méjì ńlá síwájú, wọ́n á yí i títí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á fi gbọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: bó bá jẹ́ 90 ní mítà 2, ní mítà 16 ó ti di 72. Kí ẹni ẹ̀yìn lè gbọ́ 82, ẹni iwájú á máa gba 100 sétí, fèrèsé á sì máa gbé e jáde. Ẹ fi sípíkà kéékèèké sí àárín gbọ̀ngàn, kí wọ́n kọjú sí ilẹ̀, ẹ dín ti iwájú kù. Kí ohùn má bàa dà bí ìgbà tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ẹ dá ti àárín dúró nínú míksà: mílísẹ́kọ́ńdì 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan láti sípíkà iwájú. Mítà 10, mílísẹ́kọ́ńdì 30. (Ẹni tó bá rò pé àdúrà kò ní gòkè láìsí báàsì, ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ dá a lóhùn.)

Ẹ tẹ bọ́tìnì Low Cut lórí gbogbo máìkì ohùn, ní 100 Hz. Ohùn èèyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan nù níbẹ̀, gbígbọ̀n ògiri ló dín. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ pa báàsì ńlá pátápátá. Ìlù: ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nípọn sábẹ́ rẹ̀. Gángan ò ní bọ́tìnì. Ẹni tó ń lù ú ni kó wọlé, kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ọmọ ẹgbẹ́ ìgbìmọ̀ kan àti ẹni tó ń yí míksà, kí ọ̀kan dúró lẹ́nu fẹ́ǹsì pẹ̀lú mítà, kí èkejì yí i títí ó fi dé ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ fi téèpù pupa sí ojú ibẹ̀. Kí wọ́n to límítà ánpù (ohun tí kì í jẹ́ kí ohùn ga kọjá ibi tí a fi sí) síbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí ánpù wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Láìsí èyí, gbogbo wa mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ Ẹtì tí olórin àlejò bá dé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kúréètì ẹyin fún yín láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò dá ariwo dúró. Fóòmù ń dín ìró-àtúnró inú yàrá kù, kò ní kí ohùn má jáde. Nǹkan tó wúwo tí kò ní alàfo ló ń dá a dúró. Fèrèsé lúfà, bó ti wù kó padé, alàfo ni láti òkè délẹ̀. Ẹ pààrọ̀ àwọn tó kọjú sí ilé èèyàn sí gíláàsì tó ń tì mọ́ rọ́bà, kí ẹ ṣí ti apá kejì fún atẹ́gùn.

Ọmọ Ládàánì
Lórí mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ ká ya ìpè ìrun sọ́tọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ, ẹnikẹ́ni kò sì retí kí ẹ pa á. Ohun tó ń fa ẹjọ́ ni wáàsí, tàfúsírí àti ìkéde tó ń gba ẹnu họ́ọ̀nù (sípíkà òkè) jáde fún wákàtí kan. Sípíkà inú ilé ni kí wọ́n lò fún ìyẹn. Kí wọ́n fi súwíìṣì méjì sí ánpù: ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún inú. Kí súwíìṣì òkè ṣeé pa ní gẹ́rẹ́ tí ìpè bá parí.

Họ́ọ̀nù mẹ́rin tó kọjú sí igun mẹ́rin kò wúlò fún ojúlé 46. Méjì tó. Ohùn họ́ọ̀nù ga níbi tí etí èèyàn ti ń gbọ́ jù, nítorí náà ẹ yí ẹnu rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé tó sún mọ́ ọn, kó gba orí òrùlé kọjá. Fún ààwẹ̀, ẹ jọ yan àkókò kan ṣoṣo fún jíjí èèyàn fún sàárì, ìṣẹ́jú méjì péré. Fóònù ti ń jí ọ̀pọ̀ báyìí.

Ìyá Onílé
Ẹ má lọ bá wọn lásìkò ìsìn o. Ẹ má sì kó èèyàn mẹ́wàá dání, ìyẹn ti di ìkọlù. Alága, akọ̀wé, àti ẹnìkan tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Kí olórí ìjọ wá jókòó nínú pálọ̀ ẹni tó ń ráhùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dún. Ó máa gbọ́ ohun tí mítà kò lè sọ fún un.

Ìnáwó ń kọ́? Ẹ kò tíì mẹ́nu bà á, òun sì ni ìjà ńlá.

Akọ̀wé Ojúlé 46
Òótọ́ ni, Mà. Kánópì lójú títì, DJ, ó tún kù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Lọ́yà Ìtòsí
Ìkéde ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó tẹ káàdì. Kò gbọdọ̀ ju ìnáwó kan lọ ní òpópónà kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Sípíkà dákẹ́ ní mẹ́wàá alẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní mẹ́sàn-án àbọ̀, torí DJ kì í gbọ́ "ó ti tó" lẹ́ẹ̀kan. Dípò owó ìtanràn, ẹ gba owó ìdúró ṣáájú, kí ẹ dá a padà lọ́jọ́ kejì bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa. Owó tó ti wà lọ́wọ́ kò ní kí ẹ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Mẹkáníìkì Jẹnẹ
Ẹ̀rọ ata, ní ṣókí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Púlì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Bẹ́líìtì tó ń lu ara rẹ̀ ló ń dún gbà-gbà-gbà yẹn. Kí ẹ́ńjìnì wà lórí kọnkéré, rọ́bà lábẹ́, kí ẹnu èéfín kọjú sókè. Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ gan-an ni kí ẹ ra ìdíwọ́ etí fún: 85 dB fún wákàtí mẹ́jọ ni NIOSH ní kí etí òṣìṣẹ́ má kọjá, bó bá dé 88, wákàtí mẹ́rin, bó bá dé 91, méjì péré.

Akọ̀wé Ojúlé 46
Ẹ gbà mí láyè kí n ka ohun tí mo ti kọ. "1. Ọ̀sán 55, òru 45, tàbí 5 lórí ariwo ìpìlẹ̀. 2. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ láti mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, àyàfi ẹni tó ní ìyọ̀ǹda. 3. Kò sí sípíkà níta, àyàfi ìpè ìrun àti ìnáwó tó ti gbàṣẹ. 4. Ìráhùn àkọ́kọ́, akọ̀wé á pè é lórí fóònù. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà àti wíwọ̀n. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, LASEPA."

Lọ́yà Ìtòsí
Ẹ fi ìlàjà sáàárín ìkejì àti ìkẹta. Ilé-iṣẹ́ ìlàjà ìjọba Èkó, Citizens' Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á pe ẹni kejì, ẹ á jọ fọwọ́ sí àdéhùn. Bí ó bá wá di LASEPA, ẹ kó ìwé yìí lọ: àkọsílẹ̀ alẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, nọ́ńbà mítà nígbà tí ẹ̀rọ ń dún àti nígbà tó dákẹ́, àdírẹ́sì, àti ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Fídíò nìkan kò tó, fóònù máa ń fúnra rẹ̀ dín ohùn tó ga kù.

Oníwọ̀n
Nọ́ńbà kìíní yín kò sọ ibi tí ẹ ti máa wọ̀n ọ́n. Ẹ fi kún un: "ní ààlà ilẹ̀ ẹni tó ń ráhùn, mítà 1.2 sí 1.5 sókè, LAeq ìṣẹ́jú 15." Bí kò bá sí nínú ìwé, ẹni tó ń pariwo á ní kí ẹ wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ilé òun, ẹni tó ń ráhùn á gbé mítà lọ sẹ́nu sípíkà.

Akọ̀wé Ojúlé 46
Mo ti fi kún un. Ìpàdé di Sátidé tó ń bọ̀. Mítà la máa kọ́kọ́ rà.